Kí ni wọ́n bi ilé ẹjọ́ gan-an?

Ẹ̀yin èèyàn mi, thread yìí máa gùn díẹ̀ o. Ẹni tó bá ní ìrẹsì lórí iná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná.

Gbogbo ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ bá ti dájọ́, ìbéèrè kan náà ló máa ń gba orí ayélujára kan: "Ta ló wọlé?" Bíi pé bọ́ọ̀lù ni. Ẹnì kan á gbé fọ́tò ẹni tó borí síta, àwọn kan á máa jó sábẹ́ ẹ̀, àwọn tó pàdánù á ní wọ́n ti kó owó fún adájọ́. Kó tó di alẹ́, ọ̀rọ̀ ti tutù. A ti bọ́ sórí nǹkan míì. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí adájọ́ sọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. Kí a tó béèrè ta ló wọlé, ká kọ́kọ́ béèrè kí ni wọ́n bi ilé ẹjọ́. Torí ohun tí àwa ń jà lé lórí nílé àti ohun tí wọ́n gbé síwájú adájọ́, lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Podcast àwọn lọ́yà ni mo ti kọ́ èyí, kì í ṣe yunifásítì. (Mass Comm ni mo kà, mi ò ka òfin. Tí ẹ bá wà nínú wàhálà, ẹ wá lọ́yà lọ, ẹ má wá sí DM mi.)

Ẹ jẹ́ ká mú ti Ọ̀ṣun, torí gbogbo wa la sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ nígbà náà.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni wọ́n dìbò gómìnà. Adémọ́lá Adélékè fi ìbò 353 ṣíwájú Gbóyèga Oyètọ́lá. INEC ní ìdìbò náà ò tíì parí, wọ́n tún un dì ní ibùdó ìdìbò 7 lọ́jọ́ 27. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo ẹ̀ pọ̀, Oyètọ́lá ti fi ìbò 482 borí. Adélékè gba ilé ẹjọ́ lọ. Tribunal ní òun ló wọlé. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní rárá. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí ti Oyètọ́lá, adájọ́ 5 sí 2.

Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Òṣogbo tàbí ní Ẹdẹ ohun tí ilé ẹjọ́ yẹn sọ. Àwọn kan á ní ilé ẹjọ́ sọ pé Oyètọ́lá ló ní ìbò jù. Àwọn kan á ní ilé ẹjọ́ ka ìbò, wọ́n wá kà á kù. Méjèèjì ò rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni àwọn adájọ́ 5 yẹn wò: ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2019. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ 3 tó ń gbọ́ ẹjọ́ ní tribunal ò sí ní ìjókòó nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí ń sọ̀rọ̀. Adájọ́ yìí kan náà ló tún wá kọ ìdájọ́ tó gbé Adélékè wọlé. Adájọ́ Bọ̀dé Rhodes-Vivour, tó ka ìdájọ́ àwọn tó pọ̀ jù, ní kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹlẹ́rìí ń jẹ́rìí ò lè dájọ́ lórí ẹ̀rí náà, nítorí náà ìdájọ́ tribunal ti di òfo láti ìbẹ̀rẹ̀. Adájọ́ Akaahs àti Galumje ò bá wọn lọ. Ó parí síbẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Ìbéèrè tiwa ni "ta ni àwọn ará Ọ̀ṣun dìbò fún?" Ìbéèrè tí wọ́n dáhùn ni "ṣé adájọ́ tó pa ìjókòó jẹ lè kọ ìdájọ́?"

Kò sì le láti yé èèyàn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fojú inú wo ìpàdé ẹbí. Ìyàwó ń ro ẹjọ́ tiẹ̀, bàbá tí gbogbo wọn ń wò lójú ò sí níbẹ̀, ó lọ kí ẹnì kan ládùúgbò. Ó padà dé, ó jókòó, ó ní òun ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ilé á gbiná! Àwọn baba wa ò ka òfin ní Èkó tàbí ní London kí wọ́n tó sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni.

Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà wà ńbẹ̀ o. Adájọ́ ló pa ìjókòó jẹ, olùpẹjọ́ ló jìyà ẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ṣé kò yẹ kí wọ́n dá ẹjọ́ náà padà, kí ìgbìmọ̀ míì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀? Òfin wa sì ti fi gbèdéke sí ọjọ́ tí tribunal lè lò, ìyẹn náà tún jẹ́ wàhálà tiẹ̀. Èmi rò pé ìyà náà wúwo jù fún ẹni tí kò ṣẹ̀. Ẹlòmíì lè ní tí a bá gba adájọ́ láyè kó máa dájọ́ ohun tí kò gbọ́, a ti sọ ilé ẹjọ́ di ọjà. Àríyànjiyàn gidi nìyẹn, irú èyí tó yẹ ká fi ọ̀sẹ̀ kan jà lórí app yìí. A ò jà á. Góòlù là ń kà.

Ibi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá ìbéèrè yẹn jáde ni podcast àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìdí tí tiwọn fi pọ̀ ni pé ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ kì í fi nǹkan pamọ́ tó bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà Kòrónà, èèyàn lè gbọ́ ohùn àwọn lọ́yà àti adájọ́ bí wọ́n ṣe ń ro ẹjọ́ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá sì ti dájọ́, ìwé ìdájọ́ á bọ́ sórí ìkànnì wọn lójú ẹsẹ̀, èmi tí mo wà nínú danfo ní Ọjọ́ta lè kà á nígbà kan náà pẹ̀lú lọ́yà wọn ní Washington. Ẹni tó ń ṣe podcast ní ohun tó ń jẹ.

Mo máa ń gbọ́ Strict Scrutiny, obìnrin mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ló ń ṣe é, wọn kì í bo ẹnu. Mo máa ń gbọ́ Advisory Opinions ti Sarah Isgur àti David French, àwọn yẹn wá láti apá kejì, ojú ìkọnsáfétífù ni wọ́n fi ń wò ó. Tí ìdájọ́ ńlá bá jáde, mo máa ń gbọ́ méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti jọ fẹnu kò, mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti yapa, mo mọ̀ pé èrò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, kódà bí ẹni náà bá gbọ́n ju Ifá lọ.

Ẹ lè ní kí ló kàn wá pẹ̀lú ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà. Ẹ dúró.

Ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2025, ọjọ́ tí Donald Trump padà dé orí àga, ó fọwọ́ sí àṣẹ kan: ọmọ tí wọ́n bá bí sí Amẹ́ríkà ò ní máa jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà mọ́ tí ìyá ẹ̀ ò bá ní ìwé, tàbí tó jẹ́ físà ìgbà díẹ̀ ló ní, tí bàbá náà ò sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tàbí ẹni tó ní green card. Ẹ mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọmọ Ìbàdàn tó ń ka master's ní Houston, tí ìyàwó ẹ̀ lóyún. Obìnrin tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kó lè lọ bímọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àtúnṣe kẹrìnlá sí ìwé òfin wọn, tó ti wà láti ọdún 1868, ni wọ́n ti ń tọ́ka sí pé ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, ọmọ ibẹ̀ ni.

Àwọn adájọ́ ìsàlẹ̀ dá àṣẹ náà dúró ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó dé iwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, Trump v. CASA lorúkọ ẹjọ́ náà. Wọ́n dájọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà, 6 sí 3, ìjọba Trump ló jàre. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, group WhatsApp ẹbí wa ti di ilé ọ̀fọ̀. "Wọ́n ti fagi lé e." "Ọmọ tí ẹ bí síbẹ̀ ò wúlò mọ́." Ẹnì kan ti ń gba aláboyún nímọ̀ràn pé kó gba Canada lọ.

Kí ni wọ́n bi ilé ẹjọ́? Wọn ò bi í bóyá àṣẹ náà bófin mu. Ohun tí ìjọba gbé lọ ni pé: ṣé adájọ́ kan, ní ìlú kan, lè pa àṣẹ tó máa de ìjọba ní gbogbo orílẹ̀-èdè, títí kan ọ̀rọ̀ àwọn tí kò pẹjọ́? Amy Coney Barrett tó kọ ìdájọ́ náà ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ jọ ohun tó kọjá agbára tí òfin fún àwọn adájọ́ yẹn. Ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé àwọn ò dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ-ilẹ̀. Sonia Sotomayor kọ àtakò tó gbóná. Ọ̀sẹ̀ méjì ò pé, ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, adájọ́ kan ní New Hampshire gba ọ̀nà míì: ó kó gbogbo ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn pọ̀ sábẹ́ ẹjọ́ kan, ó sì tún dá àṣẹ náà dúró. Ọ̀nà tí ìdájọ́ yẹn ò tì nìyẹn.

Ẹni tó bá gbọ́ "Trump wọlé" nìkan lè ta ilẹ̀ kó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ ibòmíì. Ẹni tó bá gbọ́ ìbéèrè á mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ẹjọ́ ò tíì parí nígbà náà, á pe lọ́yà tó mọ̀ nípa físà, á sì fara balẹ̀. Ìyàtọ̀ owó ńlá àti oorun alẹ́ ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ padà wá sílé báyìí, ká sọ̀rọ̀ owó Náírà. Èyí ló dùn mí jù.

Ọdún 2023, ẹ rántí. Wọ́n ti pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, owó tuntun ò sí, owó àtijọ́ ti fẹ́ kú. Àwọn ìpínlẹ̀ Kàdúná, Kogí àti Zamfara gbé ìjọba àpapọ̀ lọ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ọjọ́ 8 oṣù Kejì, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n má tíì pa owó àtijọ́. Ọjọ́ 16, Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ₦200 nìkan ni kí wọ́n máa ná. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, àwọn adájọ́ dá ẹjọ́ náà pátápátá: gbogbo owó àtijọ́ ṣì ṣeé ná títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, Big Mummy, ń ta ata àti tòmáàtì ní Bódìjà. Lọ́jọ́ kejì ìdájọ́, oníbàárà kan gbé ₦1,000 àtijọ́ wá, ó ní Supreme Court ti ní kí wọ́n máa gbà á. Òtítọ́ ló sọ. Abala 287 ìwé òfin wa ní gbogbo aláṣẹ àti gbogbo èèyàn ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ yẹn, kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Big Mummy gba owó náà. Ó gbé e lọ bánkì (mi ò ní dárúkọ wọn), wọ́n ní àwọn ò gbà á, àwọn ń retí CBN. CBN ò sọ nǹkan kan títí di ọjọ́ 13. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Tòmáàtì kì í dúró de CBN. Ẹni tó ń gbé e wá láti òkè Ọya náà ò gba abala 287.

Mo ń sọ èyí torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé tí èèyàn bá ti gbọ́ podcast, ìyà ti tán. Rárá. Ìmọ̀ ò lè yọ owó nínú ATM. Àmọ́ ẹ wo ohun tí gbogbo wa gbọ́ lọ́jọ́ yẹn: àwọn gómìnà ti na Buhari. Ta ló sọ fún àwọn obìnrin Bódìjà ìdí tí ilé ẹjọ́ fi dá a bẹ́ẹ̀, pé ìjọba ò fún àwọn èèyàn ní ìkìlọ̀ tó tọ́, kò sì bá àwọn ìpínlẹ̀ jókòó sọ ọ́ kó tó ṣe é? Ta ló sọ fún wọn pé bánkì tó ń lé wọn padà ń rú òfin? Nígbà tí oṣù Kejìlá ń bọ̀, ìbẹ̀rù tún gba ọjà, kálukú ń sá fún owó àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá, ilé ẹjọ́ yẹn náà ti tún sọ pé kí owó àtijọ́ máa bá a lọ, kò sí gbèdéke mọ́. Ìròyìn yẹn ò lókìkí tó ti oṣù Kẹta, torí kò sẹ́ni tó "wọlé" nínú ẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ìṣòro kejì ni ìwé ìdájọ́ fúnra ẹ̀. Abala 294 ní kí ilé ẹjọ́ fún àwọn tó ń ṣẹjọ́ ní ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ 7. Àwọn tó ń ṣẹjọ́ o. Kò dárúkọ èmi àti ẹ̀yin. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ariwo bá pọ̀ jù, ìwé tó yẹ kí gbogbo wa máa kà kì í sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣàlàyé ẹ̀ fún wa. Ohun tí akọ̀ròyìn rántí látinú kóòtù ni wọ́n ń tú. Ẹ ṣọ́ra fún podcast tó bá jáde ní wákàtí kan lẹ́yìn ìdájọ́ tí olóòtú rẹ̀ ò sì sọ bóyá òun ti ka ìwé náà. Tó bá ní "mi ò tíì rí i, ohun tí mo gbọ́ nìyí", ẹ gbọ́ ọ, olóòótọ́ ni. Tó bá ń pariwo bíi pé òun àti adájọ́ ló jọ kọ ọ́, ẹ máa lọ.

Ohun míì tí mo máa ń tẹ́tí sí ni bóyá olóòtú mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí adájọ́ dá àti ohun tí adájọ́ kàn sọ lójú ọ̀nà. Adájọ́ èèyàn ni, ó máa ń sọ̀rọ̀, ó máa ń bínú, ó máa ń pa òwe. Gbogbo ẹ̀ kọ́ ni òfin. Àwọn blog wa fẹ́ràn gbólóhùn tó gbóná yẹn, òun ni wọ́n máa ń fi ṣe àkọlé, ìdájọ́ gangan á wà ní ojú ewé 60 tí ẹnikẹ́ni ò dé.

Kí wọ́n ṣí kámẹ́rà nìkan náà ò sì tó. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, tẹlifíṣọ̀n gbé ìdájọ́ ìdìbò ààrẹ láti àárọ̀ títí di alẹ́. A wò ó. Kókó kan níbẹ̀ jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo, "and". Ìwé òfin ní ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìdá mẹ́rin ìbò nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ "àti" Àbújá. Ṣé Àbújá dá dúró gẹ́gẹ́ bí ohun tó jẹ́ dandan ni, àbí wọ́n kàn kà á mọ́ àwọn ìpínlẹ̀? Ilé ẹjọ́ ní wọ́n kà á mọ́ wọn ni. Ó yẹ kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá lè jà lórí "àti" yẹn di ọ̀la! Àmọ́ gbogbo ẹ̀ kọjá lórí wa ní gẹ̀ẹ́sì kóòtù, ọ̀pọ̀ sì sùn lọ kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin lọ́yà kéékèèké tí ẹ ń ka èyí. Mo mọ̀ yín, ẹ pọ̀ níbí. Ẹ ń ṣe podcast lóòótọ́, gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹ̀, lọ́yà míì ni ẹ sì ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ fún mi pé Yorùbá ò gba òfin. Ẹ̀sùn, ẹ̀rí, ẹlẹ́rìí, olùpẹjọ́, olùjẹ́jọ́, ìdájọ́, àre, ẹ̀bi: kí ló kù? Àwọn tó ń túmọ̀ ìwé ìròyìn lórí rédíò láàárọ̀ ti ń fi Yorùbá sọ budget, wọ́n ti fi sọ epo rọ̀bì, àwọn awakọ̀ ń gbọ́ wọn, wọ́n sì ń bá wọn jiyàn láti ìdí ọkọ̀.

Ìṣẹ́jú 15 tó. Ẹ sọ ìbéèrè tí wọ́n bi ilé ẹjọ́, ẹ sọ ohun tó dáhùn, ẹ ka ohun tí adájọ́ tí kò gbà sọ, ẹ sọ ohun tí wọn ò tíì dá. Èmi á gé e sí kéékèèké, èmi á fi caption sí i, lọ́fẹ̀ẹ́, DM mi ṣí sílẹ̀ fún ìyẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ti Náírà, ẹ jọ̀ọ́. Big Mummy ṣì ń béèrè ta ló máa san owó tòmáàtì ọjọ́ mẹ́wàá yẹn.